Ọmọ Tí Mo Kọ Sórúkọ Ara Mi

Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mò ń kanra lásán. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì náà ti ń kọ́ ìwà lára rẹ̀, òkè Ọ̀kà tí à ń gùn lójoojúmọ́ yìí ò sì mọ̀ pé ẹnì kan ń darúgbó. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin nìyí tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Mo rò pé tí mo bá fẹ̀yìn tì, màá sinmi. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi o, èmi náà ni mo tan ara mi.

Ìtùnú ọmọ mi ló pè mí láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án. Nọ́ọ̀sì ni. Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Toowoomba ló wà, ní Ọsirélíà, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó nínú ilé ńlá kan tí àwọn ọmọ wọn kó wọn sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ìlú yẹn. Tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, torí náà, ìgbà tí mo bá ń mu ògì lọ́wọ́ ló máa ń pè.

"Màmá, ẹ jókòó o," ló wí.

"Mo ti jókòó. Ṣé orúnkún yìí ń jẹ́ kí n dìde ni?"

"Màmá, ọdún mẹ́ta tí wọ́n ní kí n gbé níbí ti pé. Mo ti lè kọ̀wé pé mo fẹ́ máa gbé ibí títí ayé. Mo sì lè kọ orúkọ ọmọ mi sí i."

Ọmọ mi. Mo yára wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Gift wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí kò mọ ìparí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Èmi ló ń pè ní Màmá. Ìtùnú, Àǹtí ló ń pè é.

"Rọra sọ̀rọ̀," mo wí fún Ìtùnú.

"Màmá, kí n rọra títí dìgbà wo?"

Mo ní ògì mi ń tutù, mo sì pa fóònù.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Níbí, ọmọ tí ọmọbìnrin bá bí sílé kó tó relé ọkọ, ìyá àgbà ló ni ín. Kò sí nínú ìwé òfin kankan, bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Ọmọbìnrin á padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀ tàbí kó lọ́kọ, ìyá àgbà á gbé ọmọ pọ̀n, aráàlú á sì pa ẹnu wọn mọ́. Àwọn ìyá wa ṣe é láyé tiwọn, kò sí wàhálà, torí pé wọn ò kọ ọ́ síbì kankan. Èmi tí mo kàwé, tí ojú mi là, èmi ni mo lọ gba ìwé sí i. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Ìtùnú nígbà tó lóyún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ni. Ọmọkùnrin tó fún un lóyún gba ọ̀nà Líbíà lọ, a ò gbúròó rẹ̀ títí dòní. Joseph ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo mú ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Òkè-Àgbè, ibẹ̀ ló sì bí i sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó padà sílé-ìwé, pẹ̀lú gèlè mi tí a fi di àyà rẹ̀ gírígírí kí wàrà má baà rin aṣọ funfun rẹ̀. Ó sunkún títí mọ́tò fi gbéra. Èmi pọn Gift wálé sí Ọ̀kà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta sì ni mí nígbà náà.

Mo gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun. Akọ̀wé bi mí pé, "Ta ni ìyá ọmọ?" Mo ní, "Èmi ni." Ó wò mí, ó wo ọmọ, ó tún wò mí. Mo ní, "Kí lẹ̀ ń wò? Ṣé Sárà nìkan ni Ọlọ́run mọ̀ ọ́n ṣe é fún ni?" Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́. Joseph fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bíi bàbá. Nígbà tí mo gbé ìwé yẹn jáde, inú mi dùn débi pé mo ra àkàrà jẹ lójú ọ̀nà. Mo rò pé mo ti gba ọmọ méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá àwọn ará Ọ̀kà mọ̀. Ta ló rí mi lóyún? Gbogbo wọn ló mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wá, wọ́n ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o, Tíṣà," mo sì ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Joseph kú nígbà tí Gift wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, òun náà ò sì fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí Ìtùnú ń kọ fọ́ọ̀mù tó fi lọ sí Ọsirélíà, ó dé ibi tí wọ́n ti bi í pé ọmọ mélòó ló ní. Ó wò mí lójú. Mo ní, "Kọ ọ́ pé kò sí. Kí ni ìwé ọmọ sọ?" Ó kọ ọ́ pé kò sí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tó ogún ọdún.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé Gift mọ Toowoomba ju Ọ̀kà lọ. Tíṣà wọn ní kí wọ́n kọ nípa ìlú kan tó ń dàgbà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ Àkúrẹ́, wọ́n kọ Àbújá. Tèmi ní Toowoomba lòun fẹ́ kọ, torí pé Àǹtí òun wà níbẹ̀, Àǹtí sì ti ṣèlérí láti mú òun lọ kàwé níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ ọ́ tán, a jọ ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé, ó sì ń kà á sí mi létí.

"Màmá, orí òkè ni ìlú náà wà bíi tiwa. Èèyàn ibẹ̀ ti ń lọ sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ."

"Kí ni wọ́n ń fún gbogbo wọn jẹ?"

"Wọ́n ń gbin àlìkámà, wọ́n ń gbin ọkà bàbà àti òwú. Wọ́n ní màlúù rẹpẹtẹ. Pápákọ̀ òfurufú kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìdílé kan ṣoṣo ló kọ́ ọ, Màmá! Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹran màlúù sínú bàálù lọ tà nílẹ̀ òkèèrè."

"Hàà! Ẹran wọ bàálù," mo ní. "Èmi Rachel Dáramọ́lá, mi ò tíì wọ̀ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà nù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní lọ́dọọdún, èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ló ń kún wọn, pé kì í ṣe pé wọ́n bí gbogbo wọn síbẹ̀, àwọn tó ń ti ibòmíì bọ̀ ló pọ̀. Ó ní wọ́n ń kọ́ ilé ìwòsàn tuntun, wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì, wọ́n ń wá awakọ̀, wọ́n ń wá ẹni tó máa pa ẹran àti ẹni tó máa kọ́lé. Ó ní ilé ò tó wọn gbé mọ́, tí yàrá kan bá ṣófo, èèyàn á tò síwájú rẹ̀ bí ìgbà tí a ń tò fún epo mọ́tò. Ìtùnú àti obìnrin méjì míì ni wọ́n jọ ń gbé ilé kan.

Ilé ò tó! Mo gbé ojú sókè, mo wo àdúgbò wa. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo rí ilé márùn-ún tí wọ́n ti àgádágodo sí. Nínú ọ̀kan, igi ti hù láàárín pálọ̀, ó ti gba orí páànù jáde. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà, àwọn ọmọ kíláàsì mi lé ní ogójì. Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Ìlú ẹnì kan ń kún torí pé ìlú ẹnì kan ń jò, àwa sì ni à ń jò. Ọmọ mi ń wẹ ìyá oníyàá, ó ń gé wọn léèékánná, ó ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Èmi tí mo bí i, Gift ló ń bá mi fi róòbù ra orúnkún. Inú ń bí mi o, ẹ ò gbọdọ̀ ní kó má bí mi.

Ìtùnú tún pè lọ́jọ́ kejì Sátidé yẹn, ó ṣàlàyé ohun tó kù. Lọ́yà kan wà ní Ìkàrẹ́, Olúrántí lorúkọ rẹ̀, òun á kọ ìwé tí màá fi búra ní kóòtù pé èmi kọ́ ni mo bí Gift, pé Ìtùnú ló bí i. Wọ́n á tún gba itọ́ ìyá àti ọmọ lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n lè fi mọ̀ pé òun ló bí i lóòótọ́. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù kẹwàá tó parí. Tí Ìtùnú ò bá dárúkọ ọmọ nínú fọ́ọ̀mù yìí, tó bá wá dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á bi í pé níbo ló ti gbé ọmọ wá, ìlẹ̀kùn yẹn á sì tì pa.

Mo ní mo ti gbọ́, màá lọ. Mi ò lọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ní orúnkún ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúnkún yìí kan náà ló gbé mi lọ sí ìsìn ìdúpẹ́ ní Ìkun lọ́jọ́ Sunday. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní òjò ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ní tírélà ṣubú, ó dí ọ̀nà Ìkàrẹ́. Tírélà ṣubú lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí Ìtùnú bá pè, Gift á gbé fóònù wá fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín, mi ò sì ní lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí mo bá búra, Gift á lọ. Tí mi ò bá búra, Gift á jókòó tì mí, á máa bá mi pọnmi, á máa ra orúnkún mi, á sì máa pe ìyá rẹ̀ ní Àǹtí títí ayé. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé, "Kí ló burú ńbẹ̀? Ìwọ lo tọ́ ọ." Mo gba ọkàn mi gbọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti darúgbó, ṣùgbọ́n mi ò tíì dáa tó bí ẹ ṣe rò.

Ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni Ìtùnú tún pè. Gift wà ní ilé-ìwé.

"Màmá, ìyá arúgbó kan wà tí mò ń wẹ̀. Ó ti ń gbàgbé nǹkan. Tí mo bá wọlé sí i láàárọ̀, á bi mí pé, 'Nọ́ọ̀sì, ṣé o ti bímọ?' Màá ní rárá. Tó bá di ọjọ́ kejì, á ti gbàgbé, á tún bi mí. Màá tún ní rárá. Ọdún mẹ́ta, Màmá. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sẹ́ ọmọ mi láràárọ̀."

"Ìtùnú."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lónìí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo bí ọ̀kan. Ó ní kí lorúkọ rẹ̀. Màmá, mo dárúkọ Gift, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́ mi. Ìyá arúgbó yẹn ló ń fi aṣọ ìnura nù mí lójú. Tí ẹ ò bá fẹ́ kí ó wá, ẹ sọ ọ́ fún mi. Mi ò ní bínú. Ẹ kàn sọ ọ́ lẹ́nu, kí n lè mọ̀."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìdáná. Mo rántí gèlè tí mo yọ lórí mi lọ́jọ́ yẹn tí mo fi di àyà fún un. Èmi ni mo di í. Èmi ni mo ní kó fà á kó le dáadáa.

"Ọjọ́rú ni màá lọ," mo wí. "Bó bá ṣe pé mò ń rá kòrò ni, màá lọ."

Lọ́jọ́rú, mo ní kí Gift má lọ sílé-ìwé, mo ní a fẹ́ lọ ṣe ìwé tí Àǹtí fi máa mú un lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lọ aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n há wa mẹ́rin sẹ́yìn mọ́tò, ó gbé àpò mi lé itan rẹ̀, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ òtútù Toowoomba, pé nínú oṣù kẹfà àti ìkeje, èèyàn á máa yọ èéfín lẹ́nu. Mo ń dáhùn ún, hẹn, hẹn. Gbogbo ara ń ro mí.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì lọ́yà wà. Ta ló ń gbé ọ́fíìsì lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìkàrẹ́ tí gbogbo ilẹ̀ pọ̀ tó yìí? Mo ní kí Gift dúró nísàlẹ̀, kó ra omi tútù fún mi.

"Màmá Tíṣà!" Olúrántí dìde, ó kúnlẹ̀. Mo kọ́ ọ ní prámárì, mo máa ń nà án nítorí ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi, ẹ wá wò ó, ẹnu yẹn náà ló fi ń jẹun báyìí. "Ẹ kú ìrìn o. Mo ti rò pé ẹ ò ní wá mọ́."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀."

Ó gbé àga fún mi, ó ṣàlàyé. Ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé Ìtùnú ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn pé òun ò bímọ. Àwọn òyìnbó lè ní ó parọ́ fáwọn, wọ́n sì lè tìtorí ẹ̀ gba ìwé ìgbélùú tó ní lọ́wọ́.

"Kí la wá máa ṣe?"

"Àfi kí ẹni tó fa ọ̀rọ̀ yìí búra pé òun ló fà á. Ṣùgbọ́n, Màmá, ẹ máa fẹnu ara yín sọ ọ́ níwájú kóòtù pé ẹ parọ́ nígbà yẹn o. Ẹ̀sùn wà lórí ẹ̀. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni máa tìtorí ẹ̀ gun òkè Ọ̀kà wá bá yín, àmọ́ mi ò lè ṣèlérí."

"Kọ ọ́ pé èmi ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Kọ ọ́ pé ọmọ kékeré ni, pé èmi ni mo ní kó panu mọ́, pé èmi náà ni mo dúró tì í nígbà tó ń kọ fọ́ọ̀mù. Ìwọ náà rí i, kò sí irọ́ kankan nínú ìyẹn."

Ó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wò mí. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde tán, ó bi mí pé, "Ṣé ọmọ náà mọ̀?"

Mo bojú wo ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé, níbi tí Gift ti ń ra omi.

"Ẹ̀ẹ́! Màmá! Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá? Wọ́n máa gba itọ́ ẹ̀, wọ́n máa bi í léèrè ọ̀rọ̀! Ó máa wà níbẹ̀ tí ẹ bá ń búra!"

"Màá sọ fún un."

"Nígbà wo?"

"Kí a tó dé kóòtù."

Kóòtù ò jìnnà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ẹsẹ̀ la fi rìn ín. Olúrántí mọ̀ ọ́n ṣe, ó yára lọ síwájú. Mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò kan tí ìyá kan ti ń ta ẹ̀pà, mo di ọwọ́ Gift mú. Ó rò pé orúnkún ni, ó fẹ́ gbé mi ró.

"Gift, Àǹtí rẹ kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ. Òun ló bí ọ. Èmi ni mo bí i."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wá bí màá ṣe sọ ọ́ kó dùn ún gbọ́, òun náà ló sì jáde lẹ́nu mi yẹn.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì kúrò.

"Ta ló mọ̀?" ló bi mí.

"Gift, dákun."

"Màmá, ta ló mọ̀?"

"Àwọn àgbàlagbà. Àwọn ará àdúgbò."

"Gbogbo Ọ̀kà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò fà á tipátipá o, ó kàn yọ ọ́ ni. "Ṣé òun ló ní kí ẹ má sọ fún mi?"

Ẹ ò mọ bó ṣe máa rọrùn tó láti ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìtùnú wà lókè òkun, kò lè gbọ́ mi. "Rárá," mo wí. "Ó fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Èmi ni mi ò jẹ́. Tó o bá máa bínú, èmi ni kó o bínú sí."

Ìyá ẹlẹ́pà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀pà tí kò ní ìdọ̀tí kankan. A wọ inú kóòtù.

Akọ̀wé kóòtù ka ìwé náà ní Gẹ̀ẹ́sì wìrìwìrì, ó gbé Bíbélì fún mi. Lẹ́yìn náà ló wá fi Yorùbá bi mí, torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àwọn ìyá, kò mọ̀ pé tíṣà ni mí. "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀, Màmá? Ẹ ní ẹ̀yin kọ́ lẹ bí ọmọ tó dúró yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ fẹnu yín sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè."

Gift wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo sítáǹpù tó wà lórí tábìlì. "Èmi kọ́ ni mo bí i," mo wí. Ohùn mi ò gbọ̀n. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi pariwo níwájú kíláàsì, ohùn yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó lu sítáǹpù mọ́ ọn, ó pe ẹni tó kàn.

Nígbà tí a jáde, mo bi Olúrántí bóyá wọ́n kọ ọ́ síbì kankan nínú ìwé yẹn pé èmi ni mo tọ́ ọ. Ó ní ó wà níbẹ̀, ní ìlà keje. Mo ní kó fi hàn mí. Ìlà kan péré ni, kò tiẹ̀ dé etí ìwé.

Nínú mọ́tò tí à ń bá bọ̀ ní Ọ̀kà, Gift kọjú sí fèrèsé. Fóònù dún, Ìtùnú ni. Gift wo orúkọ tó ń tàn lójú fóònù, ó jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́. Nígbà tó tún dún, ó nà án sí mi. "Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

"A ti ṣe é tán," mo wí fún Ìtùnú.

"Màmá, ẹ ṣé. Màmá, ẹ ṣeun. Ṣé ó bínú?"

"Ó dákẹ́."

"Ṣé kí n bá a sọ̀rọ̀? Màmá, ẹ sọ fún un pé ilé-ìwé kan wà nítòsí ọ̀dọ̀ mi, ọmọ tuntun pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ Íńdíà, àwọn ọmọ Sudan, kò ní dá wà. Ẹ sọ fún un pé..."

"Ìtùnú, fi í sílẹ̀ lónìí. Àwa méjèèjì ló rẹ̀."

Nígbà tí a délé, mo wọ pálọ̀, mo dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn, mo gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Gift ò wọlé tẹ̀ lé mi. Ó lọ ń ká aṣọ tó sá síwájú ilé. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń yọ wọ́n lórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Mo rò pé tó bá ká wọn tán, á wọlé, á bú mi, tàbí kó sunkún, màá sì dì í mọ́ra. Mo ń dúró dè é.

Sẹ̀gilọlá, aládùúgbò wa tó ń ta ògì, ló ń kọjá lọ. Mo mọ ohùn rẹ̀.

"Gift, o kú iṣẹ́ o. Ìyá rẹ ńkọ́?"

Mo gbọ́ tó gbé agbọ̀n aṣọ sílẹ̀.

"Wọ́n wà ní Ọsirélíà, mà."

Sẹ̀gilọlá rọra ní, "Èyí tó wà nílé ni mò ń bèèrè."

"Màmá àgbà? Wọ́n ti sùn."

Mi ò sùn. Ojú mi là kedere, mò ń wo àjà. Mo fẹ́ pariwo pé èmi nìyí, mo wà nínú ilé, mo jí. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò tíì parọ́ kankan lónìí, irọ́ tí a ti pa fún un sì ti pọ̀ jù. Mo pa ojú mi dé, kí èyí tó sọ yẹn náà lè jẹ́ òótọ́.